Ohùn Tí Wọ́n Fi Ránṣẹ́ sí Máàsì

Noelene ò tíì jókòó dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ Túsídeè yẹn tí èsì Talia fi wọlé láti pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì. Talia ní gbogbo ilé lòun fi ránṣẹ́ sí, nítorí náà Noelene, tó jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sétí.

"Màámi, ohùn yín mà le o! Ṣé ẹ ti kúrò lọ́sibítù ni? Inú mi dùn débi pé mo jó lójú àwọn tá a jọ wà níbí. Noelene, jọ̀ọ́, bá mi se ìrù kangarúù fún wọn ní Sọ́ńdè. Kó sanra o, ahun!"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ìyá tí wọ́n ń kí yìí ti kú láti ọjọ́ Sátidé, lọ́sibítù ìlú Cowra. Noelene wà níbẹ̀. Òun gan-an ló fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ dé.

Iṣẹ́ Noelene ni kó máa fi díìṣì ńlá tó wà láàárín pápá àwọn àgùntàn ní Ọsirélíà bá àwọn tó wà ní Máàsì sọ̀rọ̀. Nígbà tí Máàsì bá wà lókè Ọsirélíà, ọ̀nà mìíràn ò sí tí wọ́n fi lè gbúròó ilé. Ọ̀rọ̀ ẹbí máa ń wá ní dídì láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ní Amẹ́ríkà, ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ kì í tú u wò. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Talia ní Mọ́ńdè, ó rò pé ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ló wà nínú rẹ̀. Ó wá tú u báyìí. Ohùn ìyá Talia ló bọ́ síta: "Ọmọ mi, ara mi le, má ronú mi."

Ìbínú gbé Noelene dìde. Kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ọ́fíìsì Grantley Pell, ọ̀gá ibẹ̀.

"Grantley, kí lẹ ní kí n fi ránṣẹ́ lánàá?"

"Jókòó ná, Noelene."

"Mi ò jókòó!"

Pell rọra pa ilẹ̀kùn dé, ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ní gbogbo ìdílé ló gba ohùn sílẹ̀ kí àwọn èèyàn wọn tó gbéra lọ sí Máàsì, nítorí ọjọ́ tí díìṣì bá bàjẹ́. Àwọn kàn mú ọ̀kan nínú ti ìyá náà ni. "Talia ló máa jáde síta ní Tọ́sídeè lọ tún ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ wọn ṣe. Dókítà wọn ní kò gbọdọ̀ gbọ́ ohun tó máa dà á lórí rú."

"Àwọn márùn-ún ló wà níbẹ̀. Ẹlòmíì ò lè jáde? Ká tiẹ̀ ní ẹ dákẹ́ fún un, mo lè gbé e mì. Òkú lẹ ní kó máa sọ pé ara òun le! Ẹ mọ̀ pé tẹ́nì kan bá kú nílé wa, a kì í pe orúkọ ẹ̀, a kì í gbọ́ ohùn ẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo ṣe kọ́ọ̀sì lórí àṣà yín. Wọ́n fún mi ní sátífíkéètì."

"Lọ fi dáná!"

"Àánú ẹ̀ ló ṣe mí, Noelene. Tọ̀la náà ti wà nílẹ̀."

Tọ̀la! Ọkùnrin yìí ti to ohùn òkú sílẹ̀ bí ẹni to agolo ẹja sórí pẹpẹ, ó tún ń pè é ní àánú. Noelene jáde kí ọwọ́ rẹ̀ má baà ṣe ohun tí ẹnu rẹ̀ ò ní lè jẹ́jọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti túfọ̀ fún Talia. Nínú ìdílé wọn, ẹ̀gbọ́n ìyá lọ́kùnrin ló ń ṣe é. Á jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ṣọ̀fọ̀, kò sì ní dìde títí ẹkún á fi dá. Noelene pe Àǹkù Clarrie, ẹ̀gbọ́n ìyá Talia, lórí fóònù. Bàbá náà tẹ́tí gbọ́ ọ dópin, ó ní, "Mò ń bọ̀," ó sì gbé ọkọ̀ rẹ̀ tó kún fún eruku.

Pell ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Àǹkù, ẹ má bínú, àlejò ò lè wọlé."

"Ta ni àǹkù ẹ? Ilẹ̀ tó o ri díìṣì ẹ mọ́ yìí, orí ẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Ìwọ làlejò. Yẹra!"

Ó wọlé. Noelene fa àga rẹ̀ fún un, ó kọ̀ ọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ní kó gbé máíkì wá bá òun níbẹ̀.

"Noelene," ni Pell wí, "tó o bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Kó bọ́! Mo mọ irun àgùntàn-án rẹ́." Ó tẹ̀ ẹ́.

"Talia, ọmọ mi," ni bàbá náà wí, "èmi Clarrie ni. Ìyá ẹ ti fi wá sílẹ̀ láti Sátidé. Jókòó sílẹ̀. Èmi náà ti jókòó sílẹ̀ níbí, mi ò sì ní dìde." Ó wá bú sẹ́kún, kò gbé e mọ́ra, kò fi ọwọ́ bo ojú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Pell ń pe Amẹ́ríkà, ó ń ṣàlàyé, ó ń làágùn. Ọ̀rọ̀ bàbá náà á rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó dé Máàsì, èsì náà á rìn bẹ́ẹ̀ kó tó padà. Ní gbogbo àkókò yẹn, Àǹkù Clarrie ò dìde. Noelene jókòó tì í, inú ń bí i, omi ń dà lójú rẹ̀, kò mọ èyí tó ń ṣe òun jù nínú méjèèjì.

Èsì dé. Èémí nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́.

"Àǹkù, mo ti jókòó." Ẹkún gbé ohùn náà lọ, ó sunkún títí Noelene fi di etí ara rẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Àǹkù, ẹ ní láti Sátidé. Ta ló wá bá mi sọ̀rọ̀ ní Mọ́ńdè?"

Àǹkù Clarrie na máíkì sí Pell.

"Ìwọ ló ń bi."

Pell wojú Noelene. "Jọ̀ọ́, bá mi ṣàlàyé fún un. Ẹ̀gbọ́n ẹ ni."

"Èmi? Ọwọ́ mi lo lò lánàá. Fi ẹnu ara ẹ sọ tòní!"

Pell gba máíkì, ó ṣe bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìdúró. Bàbá náà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

"A kì í dúró sọ ọ́."

Pell wolẹ̀, ó wo sòkòtò rẹ̀ tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Talia," ló wí, "èmi ni."