Àwọn Gbólóhùn Tí Mo Yọ

Lẹ́tà tí ilé ìtẹ̀wé kọ sí mi nípa ìwé mi kẹjọ kò gùn rárá. Olóòtú tó kọ ọ́ kéré sí àbíkẹ́yìn mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń fi ọ̀wọ̀ bú àgbàlagbà. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù nínú ìtàn yìí. Ìwé yín mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo àwa tí a wà níbí fi kọ́ṣẹ́. Níbo ni ẹni tó kọ wọ́n wà?” Ó dá ìwé náà padà. Ó ní bí mo bá lè gé e kúrú láàárín oṣù mẹ́fà, àwọn yóò tẹ̀ ẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n má bínú.

Mo bínú. Mo ti ń kọ̀wé kí ìyá rẹ̀ tó lóyún rẹ̀. Mo rìn yí pálọ̀ po, mo bú olóòtú, mo bú ilé ìwé tó lọ, mo bú àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí tí wọ́n fẹ́ kí ìtàn kúrú kí wọ́n lè kà á tán lórí ìdúró. Ìyàwó mi wà nídìí máṣíìnì rẹ̀ ní yàrá iwájú, ó ń ran kọ́là ẹ̀wù kan. Télọ̀ ni, yàrá yẹn sì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láti ìgbà tí a ti kó dé ilé yìí. Ó jẹ́ kí n bú wọn tẹ́ ara mi lọ́rùn, ó wá ní, “Ohun tó sọ, ṣé irọ́ ni?”

Kì í ṣe irọ́.

Ọwọ́ ni mo fi kọ ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn. Akọ̀wé ni mí ní ilé iṣẹ́ omi nígbà náà. Bí mo bá délé ní ìrọ̀lẹ́, màá jókòó sídìí tábìlì ìjẹun pẹ̀lú báírò àti ìwé àjákọ, màá kọ ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, tí búrẹ́dì wà lẹ́nu mi, màá máa sáré ka ohun tí mo kọ, màá sì fi pẹ́ńsù ṣe àmì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbólóhùn tí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn. Bó bá di òpin ọ̀sẹ̀, màá tún gbogbo rẹ̀ dà kọ sínú ìwé mìíràn, ibi tí àmì bá wà, màá fò ó kọjá. Kò sí ọgbọ́n kankan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń yẹ ìwé wò nínú ìwé ìròyìn ní n kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, wọ́n ní eegun ni mo fi ń kọ̀tàn, mi ò fi ẹran kankan sí i. Orí mi wú. Ọ̀rọ̀ eegun yìí kò kúrò lẹ́nu mi fún ọdún púpọ̀, àlejò tí kò bá tètè lọ yóò gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn ìwé kẹta ni mo ra kọ̀ǹpútà, láti ìgbà yẹn ni nǹkan ti ń yíwọ́. Ọ̀rọ̀ kì í wúwo lórí kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ kì í roni, bébà kì í tán, ohun tí èèyàn bá pa rẹ́ kì í fi àpá sílẹ̀, nítorí náà ẹ̀rù kì í bani láti kọ ìkọkúkọ. Bí wọ́n bá pè mí láti wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀, ohun tí mo máa ń sọ nìyẹn: ẹ fi ọwọ́ kọ ọ́, ọwọ́ tó bá ń roni kì í sọ ìsọkúsọ, báírò ni olùkọ́ mi. Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Èmi fúnra mi á padà sílé wá tẹ ojú ewé mẹ́wàá sórí kọ̀ǹpútà kí n tó jẹun.

Nígbà tí lẹ́tà olóòtú dé, mo pinnu láti padà sọ́dọ̀ olùkọ́ mi. Mo gun àga, mo gbé páálí tí mo kó àwọn ìwé àjákọ àtijọ́ sí kúrò lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ní ọ̀sán gangan, mo fi awò sójú. Mo fẹ́ wo bí mo ṣe ń ṣe é nígbà tí mo ṣì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ojú ewé kẹta ni mo ti rí i. Oríṣi àmì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan tínrín, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣá tán. Tèmi nìyẹn, pẹ́ńsù líle tí wọ́n ń pín fún wa níbi iṣẹ́. Ìkejì nípọn, ó dúdú, nígbà tí mo fi àtàǹpàkò kàn án, ó kun mí lọ́wọ́. Mo ṣí ojú ewé mìíràn. Tèmi jẹ́ ọ̀kan, èyí tó dúdú jẹ́ mẹ́rin. Òmíràn, tèmi kò sí rárá, èyí tó dúdú jẹ́ mẹ́ta. Mi ò ní irú pẹ́ńsù bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ẹnì kan ṣoṣo ló ní i nínú ilé yìí, ẹni náà ló sì ń fi í ya ọrùn àti apá ẹ̀wù sórí bébà kó tó gé aṣọ.

Mo gbé ìwé náà lọ sí yàrá iwájú.

“Ìyá wọn, ta ló ṣe àmì yìí?”

Ó wò ó fìrí. “Èmi ni.” Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n bi pé ta ló sá aṣọ síta.

“Nígbà wo?”

“Bí ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ máa ń fi í sílẹ̀ lórí tábìlì, màá kà á kí oníbàárà tó dé. Mo rí i pé ẹ máa ń ṣe àmì síbi kan, mo ní ibi tó dùn nìyẹn. Èmi náà wá ń ṣe tèmi síbi tó bá dùn mọ́ mi. Mo ní ẹ ó rí i.”

“Mo rí i.”

“Mo mọ̀ pé ẹ rí i.” Ó fi eyín já òwú. “Nígbà tí ìwé náà jáde, mo jókòó, mo wá wọn níkọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹyọ kan níbẹ̀. Mo ní kò burú, bóyá ìwé kejì. Ìkejì, bákan náà. Ìkẹta, bákan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gbé kọ̀ǹpútà wọlé, ẹ ní kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo ní ó dáa, wọ́n ti dá mi lóhùn.”

“Kí ló dé tí o kò bi mí?”

“Kí ló dé tí ẹ̀yin náà ò bi mí?”

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àwa méjèèjì fi dákẹ́. Mo fa àga kan, mo jókòó, mo ṣàlàyé fún un. Mo ní mo rò pé èmi ni mo ṣe gbogbo àmì yẹn. Mo ní oorun ṣì máa ń wà lójú mi láàárọ̀ tí mo bá ń ṣàmì, bó bá wá di òpin ọ̀sẹ̀, mi ò lè mọ èyí tí mo ṣe yàtọ̀ sí èyí tí mi ò ṣe. Mo ní ohun tí mo fẹ́ yọ ni mo ń ṣàmì sí.

Ó tẹjú mọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, èjìká rẹ̀ ń mì, títí tó fi gbá orí máṣíìnì mú kó má baà ṣubú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àfi bí ẹ̀rín ṣe dúró lẹ́nu rẹ̀ lójijì.

“Ẹ dúró ná. Àwọn ìwé tí ẹ ti yọ ohun tí mo fẹ́ràn kúrò, àwọn yẹn ni wọ́n fi ń yìn yín?”

Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń pa irọ́ tà, ǹ bá rí ọ̀kan pa. “Bẹ́ẹ̀ ni,” mo ní.

“Àwọn tí mi ò fojú kàn kó tó jáde, àwọn yẹn ni wọ́n ń bú.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ohun tó dùn mọ́ mi ló ń ba ìwé jẹ́ nìyẹn.”

Ó yí ojú sí iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ máṣíìnì, mo sì rí i pé kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ka àwọn gbólóhùn yẹn. Kí n má parọ́, ìtàn kò nílò wọn. Obìnrin kan ń kọrin láìmọ ohùn orin náà, ọmọ rẹ̀ kò sì sọ fún un. Ọkùnrin kan dúró ní ẹnu ọ̀nà títí ìyàwó rẹ̀ fi so okùn bàtà tán. Gbogbo ibi tí èèyàn bá ti ṣe ẹnì kejì rẹ̀ jẹ́jẹ́, ibẹ̀ ni pẹ́ńsù dúdú yẹn máa ń lọ. Bí wọ́n bá gbé wọn fún mi lónìí pé kí n gé ìwé náà, màá tún yọ wọ́n. Síbẹ̀ mo sunkún. Wọ́n ní bí ọ̀bẹ bá mú títí, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹlòmíràn ló gbẹ́ èkù mi, mo wá ń lọ káàkiri, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ báírò.

Mo ti wá mọ ọ̀nà tí mo lè gbà tún ìwé kẹjọ ṣe. Kí n fi í sílẹ̀ níbi tí ìyàwó mi yóò ti rí i, kí ó ṣàmì sí i, kí n sì yọ ohun tó bá ṣàmì sí. Ọ̀nà náà yá, ó sì burú. Ojú tì mí pé mo rò ó. Ohun tí mo fẹ́ gan-an ni pé kó tún máa ka ìwé mi, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún un láìjẹ́ pé ó dà bí ẹ̀tàn.

Mo gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ra ìwé àjákọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tún ìwé náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ń fi í sílẹ̀ lórí tábìlì ìjẹun bíi ti àtijọ́. Mo sọ fún un ní gbangba pé, “Bí o bá ráyè, bá mi kà á. Ohun tí o bá ṣàmì sí, mi ò ní yọ ọ́.”

“Ojú mi ò ríran ka nǹkan mọ́,” ó ní. Lọ́wọ́ kan náà ló ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, kò tilẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù méjì, ìwé náà kò kúrò lójú kan. Mo mọ̀, torí mo máa ń fi etí rẹ̀ bá etí tábìlì dọ́gba bí ọmọdé tó ń ṣọ́ ẹran nínú ìkòkò. Ọwọ́ ń ro mí, ọrùn ń ro mí. Nǹkan mìíràn tún wá yé mi: báírò kì í ṣe olùkọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnu àìdákẹ́ tí mo fi ń kọ sórí kọ̀ǹpútà náà ni mo fi ń kọ sórí bébà. Ohun tí bébà ní tí kọ̀ǹpútà kò ní ni pé wọ́n lè bá a lórí tábìlì, ẹni tó ń kọjá lọ lè dúró kà á. Èmi nìkan ni mo wá jókòó ti ìwé yẹn, mo ń gé e pẹ̀lú ojú ara mi, ó sì le ju ohunkóhun tí mo ti ṣe rí lọ.

Nígbà tí mo kọ ọ́ dé orí kẹsàn-án, mo dé láti ilé ìfowópamọ́ lọ́jọ́ kan, mo ṣí ìwé náà, àmì dúdú kan wà níbẹ̀. Mo jẹun, mo fọ abọ́ tí n kì í fọ̀. Títí ìwé náà fi parí, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló ṣàmì. Ẹni tó ń ṣe mẹ́rin lójú ewé kan tẹ́lẹ̀ ti wá di ahun, mi ò sì lè dá a lẹ́bi. Mo fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀, mo tẹ gbogbo rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà torí ilé ìtẹ̀wé kì í gba ìwé àfọwọ́kọ, mo fi ránṣẹ́.

Èsì dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olóòtú ní àwọn yóò tẹ̀ ẹ́, inú gbogbo wọn dùn, ọ̀gá àwọn ti padà dé. Gbólóhùn mẹ́ta péré ló ní kí n bá òun yọ kúrò, torí wọ́n rọ̀ jù. Ó kọ ojú ewé wọn. Mi ò ní láti ṣí ìwé kí n tó mọ àwọn wo ni.

Oníbàárà kan ń wọ ẹ̀wù wò ní yàrá iwájú. Mo dúró títí ó fi lọ, mo wá ka lẹ́tà náà fún ìyàwó mi.

“Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?” ó ní.

“Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.”

“Ojú mi ṣì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.” Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yìí sì dé inú rẹ̀.

“Màá kọ̀wé sí i pé mi ò yọ ọ́. Mo ti ṣèlérí fún ọ.”

Ó yọ píìnì lẹ́nu, ó fi gún ìrọ̀rí kékeré tó ń kó píìnì sí. “Ẹ yọ méjì. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi.”

“Èwo?”

“Èmi kọ́ ni màá sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ lóye ìwé.”

Mo padà sí tábìlì, mo to gbólóhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà kan. Èkíní sọ nípa bàbá kan tó ń fetí sí ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Èkejì jẹ́ ti òjò, ó sì rẹwà, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kẹta ní: *Obìnrin náà bu omi sínú ife, ó gbé e síbi tí ọwọ́ ọkọ rẹ̀ yóò ti tó o láìgbójú sókè.* Mo ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Mo fẹ́ fi ti òjò sílẹ̀. Mo tún ní ti bàbá ni, torí a bí ọmọbìnrin. Orí mi gbóná, òùngbẹ gbẹ mí, mo na ọwọ́ òsì síwájú bí mo ṣe máa ń nà án láti ogójì ọdún, ojú mi ṣì wà lórí bébà, mo gbé ife omi sẹ́nu, mo mu ún dé ìdajì.

Mi ò gbọ́ ìgbà tó wọlé. Mi ò gbọ́ ìgbà tó jáde.

Mo gbé ife náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, mo mú báírò, mo yọ méjì yòókù.