Orúkọ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbọdọ̀ Pè

Àwọn arúgbó òyìnbó tó ń wọ́ ilé onítáyà wọn kiri aṣálẹ̀ ló wà níwájú, ọlọ́pàá sì juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Àwọn náà juwọ́ padà. Bí Tòyótà tí Nungarrayi, obìnrin aláwọ̀ dúdú, ń wà ṣe yọ láàárín eruku pupa báyìí, ọwọ́ kan náà ló nà tàntàn pé kó dúró. Ta ni ò mọ̀? Lójú ọ̀nà Tanami, àwọ̀ ara ni ìwé ìrìnnà.

Ìsìnkú ni wọ́n ń lọ. Màmá Nungarrayi, arúgbó kùjọ́kùjọ́, ló wà lẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú Delvina tí àbúrò Nungarrayi ọkùnrin bí. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi ẹfun kun iwájú orí bó ṣe yẹ ọlọ́fọ̀. Ẹ̀gbọ́n Delvina ni wọ́n fẹ́ sin, ọmọge tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ àtìmọ́lé nígboro, tó jẹ́ pé òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé jáde. Ó pẹ́ kí ìjọba tó yọ̀ǹda òkú náà. Ọ̀sán òní ni wọ́n máa gbé e wọlẹ̀.

Nungarrayi jẹ́ orúkọ agbo mọ̀lẹ́bí tí ọ̀pọ̀ obìnrin jọ ń jẹ́; orúkọ àbísọ rẹ̀ gan-an ni wọ́n fi sọ ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tí Nungarrayi fúnra rẹ̀ ò fi lórúkọ mọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kú. Àwọn Warlpiri, ẹ̀yà Nungarrayi tó ni ilẹ̀ aṣálẹ̀ náà, kì í pe orúkọ òkú títí ọ̀fọ̀ á fi rọlẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú òkú, Kumanjayi ni tọmọdé tàgbà á máa pè é. Àwa náà ò sì ní dá orúkọ yẹn nínú ìtàn yìí. Ẹni tí etí bá ń yún kó wá nǹkan mìíràn gbọ́.

"O gbé ọtí?" ni ọlọ́pàá náà wí. Ọmọdé ni, kò tó ọmọ tí Nungarrayi bí.

"Ẹ káàsán náà," ni Nungarrayi dá a lóhùn.

"Mo ní ṣé o gbé ọtí!"

"Tíì ló wà nínú fúláàsì wa. Ọtí wà nínú ilé onítáyà tó o jẹ́ kó lọ. Sáré tẹ̀ lé wọn, wàá bá wọn níbẹ̀."

Etí ọlọ́pàá pọ́n. "Kí lorúkọ rẹ?"

"Kumanjayi."

"Kumanjayi!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kumanjayi ni mo dá dúró láàárọ̀. Kumanjayi ni tàná. Ṣé orúkọ kan ṣoṣo lẹ jọ ń pín lò ni?"

"Òkú ló pọ̀," ni Nungarrayi wí, ó sì na láísẹ́ǹsì rẹ̀ sí i.

Ọlọ́pàá wò ó síwá, ó wò ó sẹ́yìn. "Ohun tó wà níbí kọ́ lo sọ. Ka orúkọ rẹ sí mi létí."

"Ṣebí o lọ sílé ìwé? Kà á sínú."

"Tó ò bá pè é, irọ́ lo pa fún ọlọ́pàá nìyẹn. Màá mú ọ padà sígboro, wọ́n á ti sìnkú tán kó o tó jáde."

Àtìmọ́lé ìgboro náà kan ṣoṣo ni, Nungarrayi sì mọ ẹni tó kú síbẹ̀. Delvina na ọrùn láti ẹ̀yìn.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi."

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Òun ló kọ́ ọmọ tó kú yẹn bí wọ́n ṣe ń wa iṣu aṣálẹ̀. Tí òun ò bá sí níbẹ̀, ta ni á sunkún rẹ̀ bó ṣe yẹ?

"Rárá, Delvina. Wọ́n ti gba ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Wọn ò ní gba orúkọ rẹ̀ tó kù lẹ́nu mi." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì jáde lójú fèrèsé. "Ó yá, mú mi lọ."

Ọlọ́pàá náà ò retí ìyẹn. Ó fa rédíò àyà rẹ̀ sẹ́nu, ó sì pe orúkọ náà síta tòun ti orúkọ bàbá. Atẹ́gùn gbé e lọ, ó tún un pè. Màmá figbe ta, ó ń fi ọwọ́ lu àyà. Delvina di etí rẹ̀. Nungarrayi ò di tirẹ̀, ojú ọmọkùnrin náà ló tẹjú mọ́.

Obìnrin kan dáhùn nínú rédíò. "Ṣé orúkọ yẹn dá ọ lójú? Ẹni yẹn ti kú. Àtìmọ́lé wa níbí ló kú sí."

Ọlọ́pàá wo láísẹ́ǹsì, ó wo Nungarrayi. "Wọ́n ní… wọ́n ní o ti kú."

"Ẹ ò tíì pa èmi," ni Nungarrayi wí. "Ọmọ tí wọ́n fi orúkọ mi sọ lẹ pa."

Ọmọkùnrin náà dá láísẹ́ǹsì padà. "Ẹ máa lọ."

Nungarrayi yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó gbé e lé itan.

"Mo ní ẹ máa lọ, mà."

"Mo gbọ́. O pe orúkọ òkú wa lójú ìyá àgbà rẹ̀. Ṣí fìlà rẹ."

"Kí lẹ wí?"

"Fìlà orí rẹ. Ṣí i."

Àwọn ọkọ̀ ọlọ́fọ̀ mìíràn ti tò sẹ́yìn wọn, kò sì sẹ́ni tó fọn fèrè. Ọlọ́pàá wo gbogbo wọn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ìbọn ìgbànú rẹ̀, ó kúrò níbẹ̀. Nígbà tó yá, ó ṣí fìlà. Irun rẹ̀ ti fi òógùn lẹ̀ mọ́ orí, oòrùn sì ń pa á.

Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí Màmá fi sunkún tẹ́rùn. Nungarrayi wá ki kọ́kọ́rọ́ bọ mọ́tò, wọ́n sì lọ sin ọmọ wọn.