Ìpè Láti Yàrá Ọ̀kánkán

Ìbíjọkẹ́ kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò bá rí ojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní Ṣakí ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ayé le, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohùn ni wọ́n fi ń pa ènìyàn, bí o bá ti dáhùn, ó parí. Nínú ilé tí òun àti Elkanah ọkọ rẹ̀ háyà yàrá kan sí ní Kétu, lápá ibi tí àdúgbò ti kọjú sí omi Agbóyi, kì í fi ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé ìdáná àjùmọ̀lò. Láti ìgbà tó sì ti lóyún, kò sá aṣọ síta mọ́. Ẹ má bú u. Oyún méjì ti bà jẹ́ lára rẹ̀, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Ẹni tó ń bẹ̀rù jù ni Ìyá Sẹ̀kínát, arúgbó yàrá ọ̀kánkán. Ìyá náà ti sin gbogbo ọmọ rẹ̀ tán, àwọn ará ilé sì ti gbà pé òun fúnra rẹ̀ ló pa wọ́n, láìsí ẹni tó bi í léèrè rí. Ní àràárọ̀ ni í jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí í tẹjú mọ́ ikùn Ìbíjọkẹ́ láìsọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí odò ti ń kún bọ̀ láti òwúrọ̀, ìyàwó pásítọ̀ fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"Sister Ìbíjọkẹ́, ẹni téèyàn bá ń bẹ̀rù jù, òun lèèyàn ń sìn. Ta lò ń sìn?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Tìbínútìbínú ló fi délé.

Elkanah wà níbi iṣẹ́. Òjò ṣú, ọ̀sán dúdú, NEPA mú iná lọ, omi pupa sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Kálukú ti ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ.

"Ìbíjọkẹ́."

Láti yàrá Ìyá Sẹ̀kínát ni ohùn náà ti ń wá, ó lọ sílẹ̀, ó sì ń fà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú. Wọ́n tún pè é. Ó fẹ́ gbàdúrà kí ohùn náà dákẹ́, ṣùgbọ́n àdúrà náà kọ̀, kò jáde. Ta lò ń sìn?

"Jésù," ó wí, "ìwọ lo ni mí, ìwọ lo ni oyún yìí. Bí mo bá kú, ọwọ́ rẹ ni mo kú sí." Ó lanu, ó kígbe: "Ẹ̀ẹ́n, Mummy! Mò ń bọ̀!"

Kò ṣubú. Ọlẹ̀ sọ nínú rẹ̀.

Ó la omi kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn ìyá náà ṣí. Ìyá Sẹ̀kínát ti yọ̀ ṣubú, itan rẹ̀ ti kán, ó ń fi igbọnwọ́ kan gbé orí sókè kúrò nínú omi. Ìbíjọkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbé orí náà lé itan ara rẹ̀. Kò lè gbé e dìde.

"Ṣé ẹ ti ń pè tipẹ́, Mummy?"

"Gbogbo ilé ni mo pè, ọmọ mi. Wọ́n wà nílé, mò ń gbọ́ ikọ́ wọn. Ìwọ ni mo pè kẹ́yìn, torí mo mọ̀ pé ìwọ lo bẹ̀rù mi jù."

Ìtìjú bo Ìbíjọkẹ́ débi pé omijé bọ́ lójú rẹ̀.

Ó kígbe pe àwọn ará ilé yòókù: "Ràímì! Hidayat! Bọ̀dá Adéníran! Ẹ gbà wá o!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó gbọ́ tí ẹnì kan tún fi ìdènà kejì kún ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Omi ń gun itan rẹ̀ bọ̀, ẹ̀rù sì ṣì ń bà á, ṣùgbọ́n kò fi orí ìyá náà sílẹ̀. Ó ronú kan Ràímì oníkẹ̀kẹ́, tí yàrá rẹ̀ sún mọ́ wọn jù.

"Ràímì, èmi Ìbíjọkẹ́ ni o! Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́ láti dáhùn, má dáhùn. Ṣáà máa bọ̀!"

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó dún. Ẹsẹ̀ ń la omi bọ̀. Ràímì wọlé, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́ pinpin, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ìyá náà.