Ta Ló Mú Un Wá?

Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo àwọn tó wá kí wọn ń sọ. Wọn á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọn á wo ẹsẹ̀ ọmọ náà, tí dókítà fi nǹkan funfun líle dì láti itan dé ọrùn ẹsẹ̀, wọn á mi orí, wọn á wá ní, "Àmúwá Ọlọ́run ni."

Ìyá ọmọ náà á dáhùn pé, "A dúpẹ́." Aránṣọ ni. Á tún fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, nítorí ẹni tó gbé aṣọ wá kò ní í tìtorí ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn wọ aṣọ àná lọ síbi tó ń lọ.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí nínú gbogbo wọn ni ẹ̀gbọ́n aránṣọ fúnra rẹ̀, káfíńtà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Àmín. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, olùṣọ́ kì í tíì parí àdúrà tí "àmín" rẹ̀ á ti bẹ́ jáde, gbàgà, bí ìgbà tí òòlù bá bọ́ lu pákó. Olùṣọ́ ti sọ ọ́ rí pé bí òun bá gbàgbé ibi tí òun fẹ́ fi àdúrà tì sí, Bàbá Àmín á bá òun tì í. Àwọn ọmọdé sì máa ń sín in jẹ. Kò bínú sí wọn rí. Ó fẹ́ràn Ọlọ́run, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣi ìyẹn sọ. Gbogbo àga tí ìjọ ń jókòó lé, òun ló kàn án, tọkàntọkàn ló sì fi kàn án.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni àbúrò rẹ̀ ń gbé. Àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń gbà gòkè, pákó sì ni wọ́n fi ṣe ibi ìdìmú rẹ̀. Nígbà tí pákó náà jẹrà, Bàbá Àmín wá pààrọ̀ rẹ̀. Ó fá tuntun náà dán, ó kàn án láti ìsàlẹ̀ lọ, àfi bó ṣe dé òkè pátápátá tí ìṣó gígùn tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú ìṣó kéékèèké tí wọ́n fi ń kan àpótí, ó fi so pákó náà mọ́ òpó. Kò tilẹ̀ gbá wọn wọlé tán, kí ó lè rọrùn láti yọ wọ́n. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Lọ́la ni màá wá parí ẹ̀." Kò sọ fún ẹlòmíràn. Àwọn akọrin ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò tíì kan pèpéle tí wọ́n máa dúró lé nígbà ìsọjí tán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orí pèpéle ló wà. Nígbà tí ilẹ̀ tún mọ́, ibẹ̀ náà ló wà. Orin ń dùn létí rẹ̀, pákó àbúrò rẹ̀ sì kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá.

Ọmọ yẹn fara ti pákó náà láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ ṣeré. Pákó ṣí.

Wọ́n gbé ọmọ lọ sí ọsibítù. Bàbá Àmín, tó gbọ́ ariwo tó sáré wá, dúró sẹ́yìn díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣa àwọn ìṣó kéékèèké náà, ó kó wọn sápò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó kó ìṣó gígùn wá, ó kan pákó náà padà, ó kàn án débi pé màlúù ò lè ṣí i. Ìyá onílé dúró nísàlẹ̀, ó ń wò ó.

"Ẹ wo ọkàn rere o! Ọmọ àbúrò rẹ̀ wà lọ́wọ́ dókítà, ó tún ráyè wá tún àtẹ̀gùn ṣe kí ọmọ ẹlòmíràn má baà ṣubú. Ọlọ́run á san án fún yín, Bàbá Àmín!"

Kò dá a lóhùn. Ìṣó kún ẹnu rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí ọsibítù. Àbúrò rẹ̀ di aṣọ rẹ̀ mú níbẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ sọ fún mi, kí ló ṣẹlẹ̀ sí mi?" Bí àmín rẹ̀ ṣe máa ń yára jáde, bẹ́ẹ̀ ni ìdáhùn ṣe yára jáde: "Àmúwá Ọlọ́run ni." Ó rò pé ìtùnú ni òun ń fún un. Èrò náà kò bá a dé ilé.

Dókítà ní egungun á so pọ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà á kúrú díẹ̀ ju èkejì lọ. Ọmọ náà á máa tiro.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni aránṣọ fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Kì í gbàdúrà mọ́. Tí mo bá ní ká dijú, á kọjú sí ògiri. Kì í kọrin. Ẹ̀gà tí a máa ń bẹ̀ pé kó jẹ́ ká gbọ́ etí ara wa!"

Ẹ̀gà ni wọ́n ń pe ọmọ náà, nítorí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, bíi ti ẹyẹ náà.

"Bóyá ó rẹ̀ ẹ́ ni."

"Kò rẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù ló ń bà á, mi ò sì mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Èmi gan-an..." Ó fi eyín já òwú. "Ẹ má bínú o. Tí wọ́n bá ti ní àmúwá Ọlọ́run ni, ó máa ń ṣe mí bíi kí n bi wọ́n pé ṣé kò rí ẹni tó tóbi ju ọmọ mi lọ tó lè gbé e fún ni?"

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n gbé aṣọ yìí fún ẹni tó ni ín. Kí n tó dé, ẹ ti bá a sọ̀rọ̀."

Bàbá Àmín wọ yàrá. Ó jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàbá Àmín, ẹ káàsán sà."

"Ẹ̀gà mi. Ṣé ẹsẹ̀ náà ń dùn ẹ́?"

"Ó ń yún mi nínú lọ́hùn-ún. Ọwọ́ mi ò sì tó o."

Ó fa igi kan yọ lára ìgbálẹ̀, ó rọra tì í wọ abẹ́ nǹkan funfun náà, ó ń bá a họ ọ́. Ọmọ náà dijú nítorí ìtura. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Bàbá Àmín, ṣé Ọlọ́run mọ̀ mí?"

"Ó mọ̀ ẹ́ dáadáa. Kò sí irun kan lórí ẹ tí kò mọ̀."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù."

Igi ìgbálẹ̀ dúró.

"Gbogbo yín lẹ ní àmúwá Ọlọ́run ni. Olùṣọ́ sọ ọ́. Ìyá onílé sọ ọ́. Ẹ̀yin náà sọ ọ́ ní ọsibítù, ẹ rò pé mo ti sùn. Tó bá jẹ́ Òun ló mú un wá, a jẹ́ pé mo ṣe ohun tó bí I nínú. Mo sì ti ronú ẹ̀ títí, mo ti mọ nǹkan tí mo ṣe."

"Kí lo ṣe?"

Ó fi aṣọ ìbora bo ẹnu. "Mo máa ń sín yín jẹ. Tí ìsìn bá parí, màá gun orí àga, màá ní 'ÀMÍN' bíi tiyín, gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí mo ṣubú, ohun tí mò ń ṣe fún ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Mo fara ti pákó, mo la ẹnu, mo ní àmín, pákó sì ṣí. Torí yín ni Ọlọ́run ṣe tì mí." Omi ti kún ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dárí jì mí. Tí ẹ bá dárí jì mí, bóyá Òun náà á dárí jì mí."

Ojú ti Bàbá Àmín gan-an. Ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń wò ó bí ẹni ń wo pẹpẹ, ó sì ti mọ́ ọn lára láti jẹ́ ẹni tí wọ́n ń wò bẹ́ẹ̀.

"Mo ti dárí jì ẹ́," ló wí.

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun sà. Ẹ wá bá mi gbàdúrà."

Ó gbàdúrà. Àdúrà náà gùn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì dùn bí orin. Nígbà tó parí, Ẹ̀gà ṣe "àmín" wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun. Àmín ti Bàbá Àmín kò jáde.

Ọmọ náà lajú. "Ẹ ò ṣe àmín."

"Mo ṣe é nínú."

"Ẹ kì í ṣe é nínú."

Ó dìde, ó ní òun ń bọ̀. Ó dé orí àtẹ̀gùn, ó gbá pákó ìdìmú mú, pákó náà kò mì rárá. Ó jókòó. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń bi í léèrè pé bí Ọlọ́run bá dára, kí ló dé tí ibi fi ń ṣẹlẹ̀. Kò sígbà kan tí ìdáhùn wọ́n ọn. Nísinsìnyí ó rí ohun tó ṣe: ó gbé ìdọ̀tí ọwọ́ ara rẹ̀, ó lọ dà á sẹ́nu ọ̀nà Ọlọ́run, Ọlọ́run sì dákẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dójú ti aládùúgbò. Ọmọdé kan ló wá gbá a níbẹ̀, tó rù ú sórí, tó ń bẹ̀bẹ̀.

Aránṣọ ń gòkè bọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń ṣe nílẹ̀? Ṣé ó ti sùn?"

"Kò sùn. Jẹ́ ká wọlé. Mo ní ọ̀rọ̀ kan, ojú ẹ̀yin méjèèjì ni màá ti sọ ọ́."

Bàbá Àmín kò jókòó. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó àwọn ìṣó kéékèèké náà jáde, ó kó wọn lé orí ẹ̀rọ ìránṣọ. Láti ọjọ́ náà ló ti ń gbé wọn kiri.

"Ẹ̀gà, mo parọ́ fún ẹ. Mi ò ní ohunkóhun láti dárí ẹ̀ jì ẹ́. Ìṣó tí mo fi kan pákó yẹn lókè nìyí. Mo mọ̀ pé kò lè gbé èèyàn. Mo ní màá padà wá, mi ò wá, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan pé kó má fara tì í."

Aránṣọ mú ìṣó kan, ó wò ó. "Ìṣó àpótí."

"Ìṣó àpótí ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ wá kàn án padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn."

"Èmi ni."

"Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ yín torí ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Lórí orúnkún mi. Ẹ sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Gbogbo ọjọ́ yìí tí mò ń bá Ọlọ́run jà nídìí ẹ̀rọ yìí, ẹ jókòó síbí, ẹ ń wò mí."

Bàbá Àmín ń wo ilẹ̀.

Ẹ̀gà ló sọ̀rọ̀. "Kì í ṣe Ọlọ́run ló tì mí?"

"Kò tì ẹ́."

"Kì í ṣe torí pé mo sín yín jẹ?"

"Rárá o. Máa sín mi jẹ títí ọ̀la."

Ọmọ náà ronú. "Ṣùgbọ́n Ó ń wò yín nígbà tí ẹ fi ìṣó kékeré kàn án."

"Ó ń wò mí."

"Ó sì ń wò mí nígbà tí mo fara tì í."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Kí ló wá dé tí kò pè mí?"

Nígbà kan rí, á ti dáhùn kí ọmọ náà tó bi í tán. "Mi ò mọ̀, ọmọ mi," ló wí. "Èmi ló yẹ kí n pè ẹ́. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀."

Aránṣọ gbá àwọn ìṣó náà jọ sójú kan. "Ẹ máa lọ sílé, ẹ̀gbọ́n."

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́..."

"Ẹ má bẹ̀ mí lónìí. Tí ẹ bá bẹ̀ mí lónìí, màá ní mo ti gbọ́, irọ́ ni màá sì pa. Irọ́ inú yàrá yìí ti tó. Lọ́la, ẹ wá jókòó síbí. Gbogbo ẹni tó bá wá kí wa tó ní àmúwá Ọlọ́run ni, ẹ̀yin lẹ máa dá a lóhùn. Ẹ sọ fún un ẹni tó mú un wá."

"Màá ṣe é."

Ó jáde. Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ ju díẹ̀ lọ nígbà tó gbọ́ ohùn Ẹ̀gà láti inú yàrá, ohùn rẹ̀ ti àtijọ́, tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni.

"Ọlọ́run, èmi Ẹ̀gà ni. Wọ́n ní Ìwọ kọ́ lo tì mí. Mo ti ń sá fún Ẹ. Ṣùgbọ́n O rí mi, O ò sì pè mí, mo sì fẹ́ mọ ìdí ẹ̀. Má bínú pé mo bi Ọ́. Lórúkọ Jésù."

Àmín gun ọ̀fun Bàbá Àmín, ó dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe tirẹ̀ láti ṣe. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, ó gbọ́ ti aránṣọ, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni ń wọ bàtà tuntun wò: "Àmín."

Ìyá onílé wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ń sá aṣọ. "Ẹ ǹlẹ́ o, ọlọ́kàn rere! Báwo lara Ẹ̀gà wa? Ẹ má jẹ́ kí ìyá ẹ̀ máa ronú jù o. Ẹ máa sọ fún un pé àmúwá Ọlọ́run ni."

Bàbá Àmín dúró. Kò sí ìṣó lẹ́nu rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

"Rárá, ìyá," ló wí. "Ẹ fi aṣọ yẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe."