Onígbàjámọ̀ àti Àwọn Ọmọ Erè

Kí onígbàjámọ̀ tó fa ọwọ́ yọ, ọmọ erè ti bu àtàǹpàkò rẹ̀ ṣán. Ìdérí àpótí ike bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já gbàù sílẹ̀. Ejò náà ká jọ sí igun àpótí, ó sì fi orí pamọ́ sábẹ́ ara.

"Ó tún ti bù yín ṣán, àbí?" Ìyàwó rẹ̀ ló ń pè láti ilé ìdáná.

"Rárá o. A jọ ń ṣeré ni."

"Ẹ yáa fi báńdéèjì di eré náà o."

Erè kì í ní oró, eyín ọmọ rẹ̀ kò sì ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọkàn ló ń dun ọkùnrin náà, kì í ṣe àtàǹpàkò. Òun fúnra rẹ̀ ló fi iná gílóòbù mú ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbóná títí wọ́n fi pa, òun ló ń dìde lórí ibùsùn lọ wò wọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n yọrí, kò sí oníbàárà tó jókòó síwájú rẹ̀ tí kò gbọ́ ìròyìn náà. Àwọn ọmọ tó fi gbogbo ara tọ́jú wá dàgbà díẹ̀, wọn ò fẹ́ rí i sójú.

Ìyàwó rẹ̀ ti fara dà á tó. Àmọ́ lónìí ni ìyá ìyàwó náà ń kó wá bá wọn gbé, ìyá náà sì ti dàgbà. Ìyàwó ti bá ará ọgbà ẹranko sọ̀rọ̀ lórí fóònù: bí àwọn ejò náà ò bá ṣeé fọwọ́ kàn kí ilẹ̀ tó ṣú, kó wá kó wọn lọ. Onígbàjámọ̀ wá gbogbo ọ̀nà tó lè gbà bínú sí i, kò rí.

Ọ̀sán ni ìyá dé. Agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, àìmọye ọmọ ló sì ti gbà sọ́wọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ máa ń ba ọkọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́ nípa ejò, ohun tó bi ọmọ rẹ̀ ni pé ṣé kò rí ọkùnrin tó ń sin ajá fẹ́ ni.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ kú ìrìn." Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi. Níbo ni àwọn tá a jọ fẹ́ máa gbélé wà?"

Ó mú wọn lọ sí yàrá. Ìyàwó wọlé, ṣùgbọ́n ìyá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di férémù mú. "Ibi tí mo dúró sí yìí tó mi."

Onígbàjámọ̀ ṣí àpótí kejì nínú mẹ́ta tí àwọn ejò náà wà. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ya ìka, ó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ejò náà ká ọrùn kò, ó sì fò mọ́ afẹ́fẹ́. Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀, ó fa fóònù yọ.

"Dúró ná," ìyá ní. "Ta lò ń fá lórí?"

"Mà?"

"Orí lò ń wá. Láti òkè lo ti ń bọ̀, o fẹ́ gbá a lórí mú. Ẹni tá a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ṣé kò ní ta gìrì? Abẹ́ la ti ń gbé ọmọ tuntun."

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ṣẹ́ ni ọ̀gá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ di orí oníbàárà mú látòkè kó má bàa mì lábẹ́ abẹ. Ó ti ń ṣe é débi pé kò mọ̀ pé òun ń ṣe é mọ́. Lójú ohun tó kéré tó bẹ́ẹ̀, àṣá ló ń já bọ̀ yẹn!

Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ nínú àpótí, ó rọra tì í bọ abẹ́ ikùn ejò náà, ó sì dúró. Ahọ́n tín-ín-rín yọ, ó tọ́ ọwọ́ rẹ̀ wò. Ejò náà tú ara rẹ̀ ká díẹ̀díẹ̀, ó gun ọwọ́ náà, ó sì wé mọ́ ìka rẹ̀.

Ọkùnrin náà fẹ́ hó yèè, ó gbé ariwo náà mì. Ẹnu rẹ̀ kò kàn lè pa dé mọ́ ni. Ó gbé èkejì, ó gbé ẹ̀kẹta, kò sí èyí tó ṣe bí ẹni fẹ́ buni ṣán.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń pe ará ọgbà ẹranko. "Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu mọ́, sà. Wọn ò lọ síbì kankan."

Ìgbà náà ni wọ́n rí i pé ìyá ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti jókòó sétí ibùsùn, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀.

"Gbé ọ̀kan wá. Ẹ̀rù ń bà mí o."

"Kò burú, mà. Ó ń ba èmi náà."

Ó gbé ọ̀kan sí i lọ́wọ́, ó dá ọ̀kan padà sínú àpótí. Èyí tó bù ú ṣán láàárọ̀ ló kù sọ́wọ́ tirẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ kékeré ṣe ń lù kì-kì-kì lábẹ́ awọ, tó sì ń rọlẹ̀ bọ̀. Gbogbo ọjọ́ tó ti ń rò pé ejò yìí ń bá òun jà, ẹ̀bẹ̀ ni ejò náà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má pa òun.