Àtẹ́wọ́ Tíṣà

Ọgbọ̀n ọdún ni Tíṣà fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí wẹ́wẹ́. Àtẹ́wọ́ ló fi ń kọ́ wọn: in-fọ-mé-ṣọ̀n, àtẹ́wọ́ mẹ́rin, kí ẹ̀kẹta dún jù. Orí ọ̀rọ̀, ìdí ọ̀rọ̀, sílébù tí ohùn ti gbọ́dọ̀ le, ó mọ gbogbo rẹ̀ bí ẹni mowó. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló jìyà rẹ̀ jù. Bí àtẹ́wọ́ rẹ̀ kò bá pé, kò ní í fọwọ́ kan oúnjẹ. Abájọ tó fi di télọ̀. Máṣíìnì kì í bi èèyàn ní sílébù.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, télọ̀ wá bá bàbá rẹ̀. Dókítà ti rí kókó lọ́mú rẹ̀, wọ́n fẹ́ gé e, ẹbí kan sì gbọ́dọ̀ bá a lọ fọwọ́ síwèé. Ìyá ti kú. Bàbá yìí nìkan ló kù. Kò mọ bí òun ṣe máa fẹnu ara òun sọ ọ́, ló bá yọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì tí ọsibítù kọ jáde.

"Ẹ jẹ́ kí n kà á fún yín, Bàbá."

"Kà á sókè, kó já gaara."

Ó kà á. Kò ṣì í kà rárá. Bàbá dijú, ìka rẹ̀ ń kan tábìlì, ó ń mi orí. Télọ̀ rò pé ìbànújẹ́ ni, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀ díẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò fẹ́ kí bàbá òun káàánú òun.

Nígbà tó parí, ẹ̀rín gba ẹnu Bàbá. "Ọmọ mi! Gbogbo ohùn ló bọ́ síbi tó yẹ. Ọ̀rọ̀ onísílébù márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì, o gé e bí ẹni gé búrẹ́dì!"

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Bàbá?"

Bàbá yọjú wo lẹ́tà náà. "Ọ̀rọ̀ ọsibítù kan ni... Ta ni ara rẹ̀ ò yá?"

Inú bí télọ̀ débi pé omi ò jáde lójú rẹ̀. Adití sàn ju ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tí kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ká lẹ́tà, ó sọ ọ́ sí báàgì.

"Ìyá onílé mi ló máa bá mi lọ. Màá ní ìyá mi ni."

Bàbá sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. "Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe fún ọ? Ọjọ́ wo ni?"

"Mo ti kà á fún yín."