Pákó Tí Wọ́n Fi Ṣe Tábìlì

"Ta ló gbé pákó tí wọ́n fi ayùn là wá sí erékùṣù tí ènìyàn kò gbé?"

Isbister ló béèrè, lọ́jọ́ tí wọ́n rí pákó náà nínú koríko lẹ́sẹ̀ òkè. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí àpáta fọ́ ọkọ̀ wọn, tó ń kó irun àgùntàn láti Ọsirélíà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òkun gbé ènìyàn mẹ́rìndínlógún mì, ó ku àwọn mẹ́ta.

"Ìbéèrè kò ṣeé jẹ, ọmọ," ni Tregear, àgbà inú wọn, wí. Ó gbé pákó náà lé èjìká, tòun ti ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Nínú ahéré tí wọ́n fi koríko kọ́, ó gbé e lé òkúta méjì. "Tábìlì dé."

Lasse, ẹnì kẹta wọn, rẹ́rìn-ín. Bó bá di ọ̀sán, tí wọ́n bá pín ẹran séèlì, ẹranko òkun tí wọ́n ń pa jẹ, á fi ìkúùkù lu tábìlì náà gbàgbà: "Alásè! Bísíkíìtì mi dà? Bàtà mi ńkọ́, àbí ẹ ti sè é?"

"A ti sè é, o sì ti jẹ ẹ́ lánàá," Tregear á dáhùn. "O ò rí i pé ó le?"

Lóòótọ́ ni Lasse ò ní bàtà. Òkun ti bọ́ ọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Etí omi ni wọ́n ń ṣọ́ lójoojúmọ́, torí ibẹ̀ ni atukọ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ ń gbà yọ. Kò sẹ́ni tó gun òkè. Nígbà tí ọ̀gìnnìtìn dé, séèlì lọ, ẹsẹ̀ Lasse dúdú, ikọ́ dè é mọ́lẹ̀. Isbister fa apá ẹ̀wù tirẹ̀ ya, ó fi wé ẹsẹ̀ náà. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ Ọlọ́run fún: kí Lasse má kú kí ọkọ̀ kan tó kọjá.

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ìkúùkù Lasse kan tábìlì, kò dún. "Bísíkíìtì mi..." ló wí. Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n sin ín.

"Atukọ̀ tó bá kú sínú omi, omi ni yóò mọ orúkọ rẹ̀," ni Tregear wí. "Èyí tó bá kú sórí ilẹ̀, a gbọ́dọ̀ kọ tirẹ̀ sára igi. Lọ gbé tábìlì wá."

"Bàbá, tábìlì rẹ̀ ni."

"Torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kó o gbé e wá."

Ọ̀rá ti bo ojú pákó náà, ọ̀bẹ ń yọ̀ lórí rẹ̀. Isbister dojú rẹ̀ dé, ó ń ha ẹrẹ̀ gbígbẹ kúrò ní abẹ́. Ọ̀dà funfun yọ. Àwòrán ọwọ́ tó na ìka yọ. Lẹ́yìn náà, lẹ́tà.

Tregear kò mọ̀wé. "Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọmọ? Kà á."

Isbister kà á:

"FÚN ATUKỌ̀ TÍ ỌKỌ̀ RẸ̀ RÌ. BÍSÍKÍÌTÌ, BÀTÀ, AṢỌ ÒTÚTÙ. Ó WÀ NÍNÚ ILÉ PÁKÓ, LẸ́YÌN ÒKÈ YÌÍ."